Ṣé dípúlómà iṣẹ́ mẹkáníìkì lè pa owó tí a ná lé e lórí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọmọ ogún ọdún ni mí, iṣẹ́ àtúnṣe mọ́tò ló wù mí. Mo ti rí iléèwé kan tó ń fúnni ní dípúlómà lẹ́yìn ọdún 2, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Àwọn kan ní kí n kúkú lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, pé ọwọ́ ni mẹkáníìkì fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìwé. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, owó iléèwé nìkan kọ́ lo máa san. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà ni owó oṣù tí wọn ì bá máa gbà ká ní ibi iṣẹ́ ni wọ́n wà. Ti irinṣẹ́, má kà á mọ́ ọn, torí pé ọ̀nà yòówù kí o gbà, wàá ra sípánà àti mítà tìrẹ. Àfi èyí tí iléèwé bá sọ pé dandan ni kí o rà lọ́wọ́ àwọn.

Fi owó oṣù ọmọṣẹ́ wọn gbogbo rẹ̀. Ká sọ pé owó iléèwé ọdún 2 tó owó oṣù 10. Ká tún sọ pé ò ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ìdajì owó sì ń wọlé: nínú oṣù 24, owó oṣù 12 ti lọ nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22. Bí dípúlómà bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún owó oṣù rẹ, pín 22 sí 0.25, wàá rí oṣù 88, ó ju ọdún 7 lọ kí owó náà tó padà. Sítífíkéètì oṣù 9 tí owó rẹ̀ tó oṣù 3, tí iṣẹ́ tí o pàdánù sì jẹ́ oṣù 4 àbọ̀, bí ó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un, owó rẹ̀ á padà ní nǹkan bí oṣù 38. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí. Fi tìrẹ rọ́pò wọn.

Ẹ̀yìn ọdún 2 ni kí o ti fi owó ọmọṣẹ́ àti ti ẹni tó gba dípúlómà wéra, torí ọmọṣẹ́ kì í gba owó ọjọ́ àkọ́kọ́ títí láé. Béèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tàbí mẹ́rin pé: èló lẹ ń san fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 2, èló sì ni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dípúlómà? Bí wọ́n bá ní iye kan náà ni, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Tún béèrè bí wọ́n ṣe ń sanwó. Níbi tí wọ́n ti ń san iye wákàtí tí ìwé ìdíwọ̀n àkókò iṣẹ́ kọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ìwé bá kọ wákàtí 1 àbọ̀ fún bíréèkì tí ìwọ sì lo 3, owó 1 àbọ̀ lo máa gbà. Dípúlómà kì í yá ọwọ́, àṣetúnṣe ló ń yá a.

Ibi tí iléèwé gidi ti ń wúlò ni wíwá àrùn ọkọ̀, pàápàá tó bá jẹ mọ́ iná àti kọ̀ǹpútà. Wo kóòdù P0171, ọ̀kan nínú àwọn àmì àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi hàn: ohun tó ń sọ ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò kọ́ ọ á pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, kóòdù á sì padà wá. Ẹni tó kọ́ ọ á wo iye tí kọ̀ǹpútà ń fi kún epo. Bí ó bá lọ sókè, bí 20%, nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó wá rọlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì sáré dé yíyí 2500 ní ìṣẹ́jú kan, ibì kan ló ń fa afẹ́fẹ́ sínú: wo àwọn ọ̀pá rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ń pọ̀ sí i bí ẹrù ṣe ń wúwo lórí ẹ́ńjìnnì, yẹ agbára tí páǹpù fi ń ti epo àti sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà CAN, èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: nígbà tí iná bá ti kúrò pátápátá, 60 ohm ló yẹ kí mítà kà láàárín ihò 6 àti 14 níbi tí a ń ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀ lára ọkọ̀. Bí ó bá ka 120, ọ̀kan nínú rẹ̀sítọ̀ méjì tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ti já. Ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ní àkókò fún un.

Ọkọ̀ iná mànàmáná yàtọ̀. Fóòtì 400, nígbà mìíràn 800, kì í ṣe ohun tí a ń fojú kọ́. Gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ kúkúrú, kí o tó fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn wọn. Ní ti dìgírì ọdún 4, ẹni tó fẹ́ ṣe olùkọ́ tàbí alábòójútó, tàbí tó fẹ́ bá iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ṣiṣẹ́, ló wà fún.

Tèmi ni pé kí o kọ́kọ́ wá ṣọ́ọ̀bù tó máa gbà ọ́ síṣẹ́, tó sì máa san owó iléèwé. Bí kò bá sí, gba sítífíkéètì tí iná àti wíwá àrùn pọ̀ nínú rẹ̀, wọṣẹ́, kí o tó wá ronú nípa dípúlómà, bí iléèwé náà bá gbà láti ka ohun tí o ti kọ́ mọ́ ọn. Kí o tó sanwó, ní kí wọ́n jẹ́ kí o wọ ṣọ́ọ̀bù wọn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Ka akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nídìí ọkọ̀ kan. Bí wọ́n bá tó 8, tí ẹnì kan ṣoṣo sì di mítà mú, àwọn tó kù ń wòran ni. Béèrè ọdún tí wọ́n ṣe àwọn ọkọ̀ náà, wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lọ́sẹ̀, iye tó parí nínú iye tó wọlé, àti iye owó tí wọ́n máa dá padà bí o bá fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Gba èyí tó kẹ́yìn yìí ní kíkọ sílẹ̀.