Èsì: Bí olùtọrẹ àti aláìsàn bá jẹ́ ọkùnrin méjèèjì

Ará Ṣágámù, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe mọ iye sẹ́ẹ̀lì olùtọrẹ tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lẹ́yìn tí ó gba mùdùnmúdùn eegun. Ẹ pa kíka kírómósómù X àti Y tì, nítorí pé ọkùnrin ni olùtọrẹ mùdùnmúdùn eegun àti àbúrò rẹ̀ tí ó gbà á. STR, ìyẹn àwọn ègé DNA kúkúrú tí ó ń tún ara wọn ṣe léraléra, tí iye ìgbà rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ láàárín ènìyàn, ni kí ẹ lò, bí wọn kò bá ti jẹ́ ìbejì inú ẹyin kan.

Ojú ibi tí DNA wọn ti yàtọ̀ nìkan ni kí ẹ kà. Bí ègé náà bá tún ara rẹ̀ ṣe ní ìgbà 15 lára olùtọrẹ, tí ó sì jẹ́ ìgbà 14 lára aláìsàn, ẹ fò ó, torí òjìji, ìyẹn àmì kékeré tí kì í ṣe òótọ́, tí PCR (ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA di púpọ̀) máa ń ta sẹ́yìn 15, yóò bọ́ sí 14, yóò sì dà bí sẹ́ẹ̀lì aláìsàn. Mo ti rí i tí ó da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú.

Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí wọ́n gbà ṣáájú ìtọ́jú náà ṣe pàtàkì, kí ẹ lè mọ DNA tirẹ̀ gan-an. Bí kò bá sí, gbòǹgbò irun rẹ̀ sàn ju sẹ́ẹ̀lì tí a nù láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, nítorí sẹ́ẹ̀lì olùtọrẹ a máa wà nínú itọ́.