Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé iye pépà ni wọ́n fi ń mọ onímọ̀ àrùn jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìbàdàn níbí ni mo ti ń ṣe PhD, lórí jẹjẹrẹ ọmú. Pépà ìwádìí mẹ́ta ni mo ti gbé jáde, síbẹ̀ Google Scholar, ojú ìwé Google tó ń ka ìtọ́kasí, ní h-index mi jẹ́ 1. Ojú tì mí gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tó ń tẹ pépà ìwádìí jáde, fi í-meèlì ránṣẹ́ pé bí mo bá sanwó, pépà mi á jáde láàárín ọjọ́ márùn-ún. Kí ni h-index yìí gan-an? Ṣé kí n sanwó náà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbowó)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má jẹ́ kí ojú tì ọ́, má sì sanwó náà.

Onímọ̀ físíìsì kan ní Amẹ́ríkà, Jorge Hirsch, ló gbé h-index jáde ní 2005. Ká ní ẹnì kan ní pépà márùn-ún. Àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ka sí ọ̀kan nínú pépà tiwọn nígbà 12, òmíràn nígbà 7, òmíràn nígbà 4, òmíràn nígbà 2, ẹnikẹ́ni ò sì tíì tọ́ka sí ìkarùn-ún. h-index rẹ̀ jẹ́ 3, torí pé pépà 3 ni wọ́n ti tọ́ka sí nígbà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá sáré tẹ pépà 20 mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò lò, orí 3 náà ló máa wà. Tìrẹ ṣì kéré torí pé àwọn tó máa lo iṣẹ́ rẹ ṣì wà nínú láàbù. Ó lè tó ọdún méjì sí mẹ́ta kí tiwọn tó jáde.

Wo ohun tó wà nítòsí rẹ. Láti 1960 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti irú jẹjẹrẹ tó mú àwọn ará ìlú yìí sílẹ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn níbí. Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, fáìlì sí fáìlì ni, kò sì sí ariwo níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kó iye àrùn jẹjẹrẹ kọ́ńtínẹ́ǹtì márùn-ún jọ sínú ìwé kan ní 1966, Ìbàdàn wà níbẹ̀. Títí di òní, àkọsílẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ti Nàìjíríà. Ẹni tó bá kàwé nípa jẹjẹrẹ nílẹ̀ Áfíríkà á bá a pàdé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olopade parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980. Chicago ló ti di gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni kò jù sílẹ̀: kí ló dé tí jẹjẹrẹ ọmú fi ń mú àwọn obìnrin adúláwọ̀ nígbà tí wọn ò tíì dàgbà púpọ̀, tó sì máa ń le sí wọn? Ó padà wá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n jọ ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n jọ ń wá àbùkù nínú jíìnì BRCA1 àti BRCA2, tí àbùkù wọn máa ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ ọmú tètè mú èèyàn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur, ẹ̀bùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní 2005. Ka ọdún tó wà láàárín.

Èmi náà ti sanwó irú í-meèlì yẹn rí. Ọjọ́ kẹfà ni pépà náà jáde. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bí mo ṣe yan àwọn aláìsàn, ẹnikẹ́ni ò bi mí bí mo ṣe ṣírò. Kò pẹ́ tí jọ́nà náà fi pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Owó náà kọ́ ló dùn mí jù. Àwọn obìnrin kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà kílíníìkì láti àárọ̀, wọ́n na apá fún mi, wọ́n ní bóyá yóò ran ọmọ àwọn lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni mo lọ gbé sọnù.

Jọ́nà tó dáa náà lè gba owó o. Ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ rẹ wò fínnífínní, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń dín owó kù fáwọn tó wà nírú orílẹ̀-èdè wa. Béèrè kí o tó fi pépà ránṣẹ́.

Ó ku ti orúkọ rẹ. Ṣé bákan náà lo kọ ọ́ nínú pépà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹlòmíràn á kọ Àbíkẹ́ tán níbì kan, á kọ lẹ́tà A nìkan níbòmíràn. Tó bá wá lọ́kọ, á so orúkọ ọkọ mọ́ ti bàbá. Kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di èèyàn mẹ́ta, ìtọ́kasí rẹ̀ á fọ́nká. Gba nọ́ńbà ORCID, tí wọ́n fi ń dá olùwádìí kọ̀ọ̀kan mọ̀, oníye 16 ni, ọ̀fẹ́ sì ni, kí o máa fi í sí gbogbo pépà rẹ.

Ní ti í-meèlì yẹn, gbé e lọ sí ilé ìkàwé E. Latunde Odeku ní UCH. Ní kí wọ́n bá ọ wò ó bóyá jọ́nà náà wà nínú MEDLINE tàbí DOAJ, àwọn àkójọ jọ́nà tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí méjì nínú àwọn tí wọ́n pè ní olóòtú rẹ̀, kí o bi wọ́n bóyá wọ́n tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ àwọn wà níbẹ̀.