Ọmọ mi kì í jókòó, ọpọlọ rẹ̀ sì ń lọ́ra: ṣé oògùn ADHD yẹ ẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 10 ni ọmọkùnrin mi. Kò tètè ké nígbà tí mo bí i, ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà tó ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni pé kì í dúró lójú kan. Bí mo bá mú un lọ sí ìsọ̀ mi ní Ìtòkú, kí n tó dá oníbàárà kan lóhùn, yóò ti fa àdìrẹ tí mo ká jọ wálẹ̀, yóò sì ti sá dé títì. Dókítà ní ADHD, ìyẹn àìlè jókòó jẹ́ẹ́ àti àìlè fọkàn sí nǹkan, tún wà lára rẹ̀, ó sì kọ oògùn rẹ̀ tó ń jẹ́ methylphenidate fún un. Aládùúgbò mi ní oògùn olóró ni, pé yóò sọ ọmọ náà di ọ̀dẹ̀. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ fún irú ọmọ yìí? Ṣé yóò jẹ́ kó mọ̀wé? (Ìyá Ọmọ, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọmọ títọ́, Ìyá Ọmọ. Kò sí oògùn tó ń sọ ọpọlọ tó ń lọ́ra di èyí tó yára. Ohun tí methylphenidate lè ṣe ni pé kí ara ọmọ balẹ̀ díẹ̀, kó lè dúró gbọ́ ohun tí a ń kọ́ ọ, kó sì kọ́ èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Ó ń ṣiṣẹ́ fún irú ọmọ yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣègùn dán an wò fún ọ̀sẹ̀ 16 lára ọmọ 122 tí wọ́n ní ADHD tí ọpọlọ wọn sì ń lọ́ra, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2013: bí a bá ṣírò rẹ̀ sórí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 40 ni ó sàn fún lára àwọn tó lo ojúlówó oògùn, nígbà tí ti àwọn tó lo oògùn àfarawé, èyí tí kò ní oògùn kankan nínú, jẹ́ nǹkan bí 7. Iye tó ń sàn fún lára àwọn ọmọ tí ADHD nìkan ń bá jà pọ̀ ju èyí lọ. Lójú tèmi, èyí tó ìdí láti gbìyànjú rẹ̀, kò tó ìdí láti gbára lé e pátápátá.

Àìjẹun, àìsùn àti rírù ni wàhálà tó sábà máa ń bá a rìn, ọmọ tí kò sì lè sọ pé inú ń run òun lè kàn máa sunkún tàbí kó máa bu ara rẹ̀ jẹ. Nítorí náà ni dókítà ṣe gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kékeré, kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kó sì máa yẹ ìwúwo, gíga, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà rẹ̀ tán kó tó lò ó. Irú methylphenidate tí kì í pẹ́ lára máa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 4, ẹ má ṣe fún un nírọ̀lẹ́ kó má baà ṣàìsùn. Nígbà tí agbára oògùn náà bá ti lọ sílẹ̀ lálẹ́ ni kí ẹ fún un ní láfún tó pọ̀ dáadáa. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ̀yin àti olùkọ́ rẹ̀ máa kọ bó ṣe jẹun, bó ṣe sùn àti bó ṣe ṣe sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta yín, ní 1954, ẹbí aláìsàn ni ó máa ń bá a gbé níbẹ̀, ojú ẹbí sì jẹ́ ara ìtọ́jú. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tí àwọn ará ìlú fún Arò dí yín lọ́wọ́ láti lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé níbẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín, òfin ń ṣọ́ oògùn yìí lóòótọ́, torí àwọn kan ń ṣì í lò. Ẹ má rà á láìsí ìwé dókítà, ẹ tì í mọ́ àpótí, ẹ má sì fún àbúrò rẹ̀ lò. Bí ọmọ bá lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́, kì í sábà sọ ọ́ di ẹni tí oògùn di bárakú fún. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ẹni tó kàn jókòó gẹlẹtẹ, tí kò ṣeré, tí kò rẹ́rìn-ín, oògùn náà ti pọ̀ jù fún un nìyẹn. Àwọn ẹbí kan a máa yọ̀ sí irú ìdákẹ́jẹ́ yìí, inú mi kì í sì í dùn sí i. Ẹ sọ fún dókítà, yóò dín in kù tàbí kó lo òmíràn bí atomoxetine tàbí clonidine.

Ẹ kò sọ fún wa bóyá gìrì tàbí wárápá ń mú un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò bóyá ó ń gbọ́ràn dáadáa, kí ẹ sì wo orúkọ oògùn gìrì tó bá ń lò, torí pé phenobarbitone fúnra rẹ̀ lè mú kí ọmọdé má lè jókòó. Bó bá jẹ́ òun ló ń lò, ẹ má dá a dúró fúnra yín o, torí gìrì náà lè padà wá pẹ̀lú agbára. Ẹ mú igò rẹ̀ dání lọ bá dókítà náà kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ methylphenidate.