Ìbẹ́pẹ tó ń yọ òdòdó tí kò so: ẹ má tíì kan ìṣó mọ́ ọn

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè láti Ìkẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ ní ogójì ìbẹ́pẹ tẹ́ ẹ gbìn ń yọ òdòdó yanturu tí ò sì so, táwọn èèyàn ní kẹ́ ẹ kan ìṣó mọ́ ọn lára tàbí kẹ́ ẹ so òkúta mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìṣó sílẹ̀ ná. Èmi náà ti kàn án rí. Ìṣó mẹ́fà lára igi kan ṣoṣo, n'Ífàkì níbí, igi yẹn ò so títí mo fi gé e.

Òdòdó ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ gígùn ló ń so mọ́, tó ń fì dirodiro, tí òdòdó kéékèèké pọ̀ lórí ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, akọ nìyẹn. Ẹ já ọ̀kan, ẹ fi èékánná là á, ẹ máa rí nǹkan tín-ín-rín mẹ́wàá tí àtíkè yẹ́lò wà lórí ẹ̀, ibi tó yẹ kí ilé ọmọ wà ò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Abo ní tiẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ igi, òdòdó ẹ̀ tóbi, inú ẹ̀ rí roboto bí ìkòkò, kò sí àtíkè kankan ńbẹ̀. Ẹ̀kẹta lèmi ò mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìyẹn oní-méjèèjì: ilé ọmọ ẹ̀ gùn, nǹkan alátíkè mẹ́wàá yẹn sì tò yí i ká, ó ń fún ara ẹ̀ lóyún. Ìbẹ́pẹ gígùn tẹ́ ẹ̀ ń rà l'Ọ́jà Ọba l'Ádó, oní-méjèèjì ló bí i, èyí tó rí róńdó ni ti abo.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìn, ihò ọgọ́fà, kóró kan sí ihò kan, inú ìbẹ́pẹ róńdó kan tó dùn bí oyin ni mo ti kó kóró ẹ̀. Nígbà tó máa yọ òdòdó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ẹ̀ tó jẹ́ akọ. Inú bí mi, mo mú àdá, mo bẹ́ gbogbo akọ lulẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ni òdòdó àwọn abo bá bẹ̀rẹ̀ sí í já, àwọn díẹ̀ tó so, kékeré ni, kò ní kóró nínú. Màmá tó ní oko ìtòsí mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní, ṣé ìwọ lo wá fẹ́ di ọkọ wọn ni? Látìgbà náà mo máa ń fi akọ kan sílẹ̀ fún bí abo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Inú kóró lọ̀rọ̀ yìí ti ń wá, kì í ṣe pé wọ́n ṣépè fún igi. Àwọn onímọ̀ méjì, Storey ní Hawaii àti Hofmeyr ní Gúúsù Áfíríkà, ti ṣàlàyé bó ṣe ń lọ láti 1938. Bá a ṣe ń sọ ọ́ lónìí, X àti Y lorúkọ ohun inú kóró tó ń pinnu akọ tàbí abo: abo ní X méjì, akọ ní X àti Y, oní-méjèèjì ní X pẹ̀lú irú Y mìíràn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń pín in fún AS àti AS tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó, tí wọ́n á pín in sọ́nà mẹ́rin? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oní-méjèèjì tó fún ara ẹ̀ lóyún, àmọ́ ìpín kẹrin, tó jẹ́ Y méjì, inú kóró ló ń kú sí. Torí náà, nínú kóró mẹ́ta tó ṣẹ́ kù, méjì á jẹ́ oní-méjèèjì, ọ̀kan á jẹ́ abo, akọ ò sí ńbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbin kóró oní-méjèèjì mẹ́ta sí ihò kan báyìí, mo máa dúró di ìgbà tí wọ́n bá yọ òdòdó kí n tó fa méjì tu. Ihò tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti jẹ́ abo ò lè ju bí ẹyọ kan lọ nínú 27.

Àmọ́ oní-méjèèjì yẹn náà ò ṣeé fọkàn tán o. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi ò sí, ilé ọmọ inú òdòdó ẹ̀ á gbẹ dànù, á máa ṣe bí akọ, ìgbà tí òjò bá padà ni yóò tún máa so. Lọ́dún kan wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fóṣù mẹ́ta, ó kù díẹ̀ kí n gé wọn, ọlọ́run ló yọ mí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo da yúríà sí i láìmọ̀wọ̀n nínú òjò, òtútù náà tún bọ́ sí i, àwọn nǹkan alátíkè inú òdòdó bá lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, wọ́n ń di ilé ọmọ fúnra wọn, èso tó wá jáde wú gúdugùdu bí ìkúùkù, ẹnikẹ́ni ò rà á, àwa la jẹ ẹ́ tán nílé. Abo kì í ṣe irú eléyìí, bójú ọjọ́ bá yí padà abo náà ni. Akọ ní tiẹ̀ lè ṣàdédé so ọ̀kan méjì lórí ọwọ́ gígùn ẹ̀ nígbà mìíràn, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ìṣó ti gba orúkọ, torí ẹni tó kàn án lóṣù tí igi fẹ́ so tẹ́lẹ̀ ò ní gbà pé òun kọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ já òdòdó kọ̀ọ̀kan lórí igi ogójì yẹn láàárọ̀ ọ̀la, ẹ là á, kẹ́ ẹ padà wá sọ iye tó jẹ́ akọ fún mi kẹ́ ẹ tó gbé àdá.