Èsì: Ìdí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò fi tó

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ẹ béèrè ìdí tí àwọn agbẹ̀bí yín ní Ìbàdàn níbí ṣì fi ń fojú lásán wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lójú tèmi, àìmọ̀ kọ́ ni. Bí a ṣe to yàrá ìgbẹ̀bí ni. Ìwádìí E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2023, fi hàn pé ewu ńlá tí ẹ̀jẹ̀ dídà ń fà dín kù ní ìdá 60 nínú 100 níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá láti gba ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè mọ iye tó dà, tí wọ́n sì fún ìyá ní gbogbo ìtọ́jú tó yẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ẹ kó ọ̀rá, omi tí a ń fà sára àti tranexamic acid (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) sínú àpótí kan lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má ṣe wà lọ́wọ́ mátírọ́nì tó ti lọ sílé. Inú fíríìjì ni kí oxytocin (oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá) wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kúlà àti yìnyín nílẹ̀ de ìgbà tí iná bá lọ. Lóṣooṣù, ẹ ka iye ìyá tí ẹ lo ọ̀rá fún, kí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ jíròrò rẹ̀ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.