Èsì: Ṣé àìsùn ló nira jù nínú iṣẹ́ awakọ̀ ojú irin?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín fẹ́ máa wa ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù l'Amẹ́ríkà, ẹ sì béèrè bóyá àìsùn ló nira jù níbẹ̀. Òun ni o. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò gbà kí awakọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 12 lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí 10, ó kéré tán. Ó dára lórí ìwé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní àkókò iṣẹ́ kan pàtó. Fóònù ló ń pè wọ́n, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Ta ló lè ṣètò oorun báyẹn? Bí wákàtí 12 bá wá pé sí àárín igbó ńkọ́? Ọkọ̀ á dúró, wọn á máa retí ẹni tí yóò wá gbé wọn. Òfin kò ka ìdúró yẹn mọ́ iṣẹ́, kò sì kà á mọ́ ìsinmi. Èyí ló burú jù lójú tèmi.

Àìsùn nìkan kọ́ o. Ní 2022, ọ̀rọ̀ ìsinmi àìsàn àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìyanṣẹ́lódì sílẹ̀, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin wọn, ló fi òfin dá a dúró.

Owó ibẹ̀ kò burú ṣá. Bí àbúrò yín kò bá lè sùn lọ́sàn-án, kó wá iṣẹ́ ọkọ̀ akérò, èyí tí àkókò rẹ̀ sábà máa ń dúró sójú kan.