Wàrà Àpapọ̀ àti Àyẹ̀wò Àrùn Àgùntàn

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní oko tí wọ́n ti ń fún wàrà àgùntàn ní ilẹ̀ Sípéènì. Ó ní dípò kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹran kọ̀ọ̀kan, inú táńkì tí wọ́n ń da wàrà gbogbo agbo sí ni wọ́n ti ń bu díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò àrùn. Ṣé ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé? Ṣé èmi tí mo ń sin àgùntàn ní Ìsọ̀kùn lè lò ó?
Ìyá Ọlọ́sìn, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, òótọ́ ni ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n bóyá àrùn wà nínú agbo ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń sọ, kì í sọ àgùntàn tí ó ní in. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ara ẹran, ara rẹ̀ a máa pèsè èròjà tí yóò fi bá a jà. Èròjà yìí a sì máa bá wàrà jáde, débi pé a lè rí i nínú ìwọ̀nba tí a bù láti inú táńkì, bí ẹran náà kò tilẹ̀ tíì fi àmì àìsàn kankan hàn. Ìdí nìyí tí ó fi wúlò fún maedi-visna, àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ àgùntàn, tí ó lè fara pamọ́ fún ọdún púpọ̀. Àgùntàn 20 tí wọ́n kó láti Jámánì lọ sí Iceland ní ọdún 1933 ni ó gbé àrùn yìí débẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, ara wọn sì dá ṣáká lójú gbogbo ènìyàn.

Bí àyẹ̀wò bá sọ pé kò sí àrùn, ẹ má tíì jó. Wàrà àwọn tí ara wọn le lè bo ti àgùntàn kan ṣoṣo tí ó ní àrùn mọ́lẹ̀, àti pé àgbò, ọ̀dọ́ àgùntàn àti èyí tí ọmú rẹ̀ ti gbẹ kò ní ìpín kankan nínú táńkì. Bí ó bá sì sọ pé àrùn wà, ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ara ń dáhùn sí. Ẹ̀jẹ̀ ẹran kọ̀ọ̀kan ni yóò là á. Kí ọmọ yín sì fetí sí èyí: àyẹ̀wò àtijọ́ fún brucellosis (àrùn tí ń ba oyún ẹran jẹ́), èyí tí ń mú kí òrùka aláwọ̀ aró hàn lórí ọ̀rá wàrà màlúù, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa fún ti àgùntàn, nítorí ọ̀rá tirẹ̀ kì í kó ara jọ sókè bí ti màlúù.

Ní tiyín, àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa kì í sábà ní wàrà ju èyí tí ọmọ rẹ̀ yóò mu lọ, nítorí náà kò sí táńkì tí ẹ ó bù nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni kí dókítà ẹranko gbà, pàápàá lára èyí tí oyún ti bà jẹ́ lára rẹ̀ àti èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, kí ó tó dàpọ̀ mọ́ àwọn ti ilé. Bí oyún bá tún wálẹ̀ lára èyíkéyìí kí àbájáde tó dé, ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́ kí ẹ tó kó o, nítorí brucellosis a máa ran ènìyàn.